Ìtìjú Àbúrò Mi Ni Mo Sọ Di Fíìmù Ìfẹ́

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oleta àbúrò mi jókòó sí ìdí tábìlì nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Redlands, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Èmi ń nu àwo. Burl ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ti sùn lọ sórí àga, ó fi fìlà bojú. Òórùn òdòdó ọsàn ń gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí oko ọsàn ló yí gbogbo ìlú náà ká.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ni mo ní láyé, mo máa sọ pé mo ní iṣẹ́, mo sì ní Oleta. Àwọn òbí wa ti kú. Ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ, orúkọ la sì fi ń pe ara wa láti kékeré.

"Neva," ó pè mí, kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ búra pé o ò ní sọ ọ́ síta."

"Kí ni mo fẹ́ fi búra?"

"Fi èmi búra."

Mo fi í búra. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ó ní Burl ní obìnrin kan ní ìlú Colton. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Oleta gbọ́ tí Burl ń tan lọ́rì tí wọ́n fi ń kó ọsàn. Kò dúró wọ bàtà. Pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn lára, ó gun ẹ̀yìn lọ́rì náà, ó sá sáàárín àwọn àpò ọsàn, ó fa àpò kan bo orí.

"Mo fẹ́ mọ ilé náà ni," ó sọ. "Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí bí ọmọ iléèwé."

Lọ́rì dé iwájú ilé obìnrin náà, ó dúró lójijì. Òkè ni ilé ọ̀hún wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́rì já, àpò mẹ́fà tú, Oleta àti ọsàn sì jọ yí gbirigbiri sójú títì. Àwọn aládùúgbò yọjú. Obìnrin náà jáde. Burl sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Oleta jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán, ewé ọsàn wà nínú irun rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sórí sì fò lọ.

"Kí lo wá sọ?" mo bi í.

"Mo sọ pé, 'Burl, wá bá mi ṣà á. Tí a bá ṣà á tán, kí o máa lọ.'"

"Kí ló ṣe?"

Oleta bó ẹ̀wà bíi márùn-ún kó tó dáhùn. "Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn wọlé lọ gbé àga wá fún un, ó sì jókòó. Ó jókòó, Neva, ó ń mu sìgá, ó ń wò mí títí mo fi ṣà á tán. Èmi nìkan. Ó gbà mí tó wákàtí kan àbọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn ilé yìí."

"Ó padà wá nírọ̀lẹ́. Ó ní, 'Ìwọ obìnrin yìí, o pa mí lẹ́rìn-ín gan-an.' Kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀rín ló gbé e padà wá, kì í ṣe èmi. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ní Redlands níbí. Tí wọ́n bá mọ̀, mi ò ní lè jáde nílé mọ́."

Ó bú sẹ́kún. Mo dì í mọ́ra, èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí èmi rí nínú omijé àbúrò mi ni eré.

Hollywood ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni èmi àti Milo Pruett jọ ń kọ nínú ọ́fíìsì kékeré kan tí òórùn sìgá kì í tán níbẹ̀. Ẹ mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan á pàdé ní ìpàdé àgbákò, wọ́n á bú ara wọn bíi kí wọ́n pa ara wọn, wọ́n á sì dì mọ́ra ní ìparí. Ní ọdún 1938 tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń yẹ eré wò kò gbà kí tọkọtaya tú ká pátápátá lójú sinimá. Tí o bá tú wọn ká ní ìbẹ̀rẹ̀, o gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ padà kí iná ilé sinimá tó tàn.

A ti tú tiwa ká. A kò mọ bí a ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó tẹjú mọ́ ògiri. Ìwé àdéhùn wa máa parí ní ìparí oṣù, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Zeller, sì ti sọ fún wa pé òun kì í fún igi gbígbẹ lómi.

Lọ́jọ́ Ajé, Milo ń ju bọ́ọ̀lù kékeré kan mọ́ ògiri. "Kó ṣubú sínú odò," ó sọ.

"Wọ́n ti ṣe é."

"Kí ajá jí bàtà ọkùnrin náà."

"Àwa fúnra wa la ṣe ìyẹn lésìí, Milo."

"Ó dára. Kí n kú, kí o sì gba owó ìbánigbófò lórí ẹ̀mí mi. Ìyẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe."

Mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo ní kí n sọ ọ́ díẹ̀, kí n kàn fi dán an wò. Irọ́ tí olè ń pa fún ara rẹ̀ náà nìyẹn, pé òun kàn fẹ́ di ẹrù náà mú wò bóyá ó wúwo ni.

"Tó bá jẹ́ pé," mo ní, "obìnrin náà sá sẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́?"

Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Milo. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán, ó ti dìde, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ta ló ṣe báyìí? Kì í ṣe ìwọ lo rò ó. O kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀."

"Obìnrin kan tí mo mọ̀ ni."

"Ṣé ó máa bínú?"

"Kò ní mọ̀."

A sọ ọsàn di ápù. A sọ Colton di ìlú àwọn olówó létí òkun. A sọ lọ́rì di ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó ẹrù àríyá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu Oleta, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Wá bá mi ṣà á. Tí a bá ṣà á tán, kí o máa lọ.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Milo béèrè. "Kí ni ọkùnrin náà ṣe?"

Àga yẹn wá sí mi lọ́kàn, àga tí wọ́n gbé jáde fún Burl. Mo tẹ̀ ẹ́ síwèé pé: ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń bá a ṣà á. Bí ó bá ti ju ápù méjì sínú apẹ̀rẹ̀, á jí ẹyọ kan jù sílẹ̀ padà, kí ó má baà tán.

Milo kà á. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ọlọ́run á dárí jì wá, Neva. Ó dáa gan-an."

Ó dáa lóòótọ́. N kò ní parọ́ fún yín. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára títí dòní.

Wọ́n ya fíìmù náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé e lọ dán wò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán fíìmù wò nígbà náà ni pé ilé iṣẹ́ á yan ìlú kékeré kan tó jìnnà sí Hollywood, wọn kò ní sọ orúkọ ìlú náà fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò ní kọ orúkọ fíìmù náà sí iwájú ilé sinimá. Àwọn ará ìlú kàn máa rí i kà pé fíìmù tuntun kan wà lẹ́yìn èyí tí wọ́n wá wò. Àwa tí a ṣe é á wá jókòó sẹ́yìn, a ó máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Tó bá parí, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á kọ èrò wọn sí i. Nígbà náà ni ọ̀gá á dúró létí títì níwájú ilé sinimá, á pinnu ohun tí wọ́n máa gé.

Ọkọ̀ mẹ́ta la kó lọ. Milo ń sọ àwàdà. Èmi ń wo ọ̀nà. A kọjá Pomona. A kọjá ìlú Ontario. Nígbà tí a kọjá Colton, àyà mi já.

"Ọ̀gá," mo ní, "ibo la ń lọ gan-an?"

"Redlands," Ọ̀gbẹ́ni Zeller dáhùn. "Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Tí àgbẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ayé á rẹ́rìn-ín."

Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ ni Oleta máa ń lọ wo sinimá. Ẹ̀rọ tẹlifóònù kan wà nínú ilé ìtajà oògùn tó dojú kọ ilé sinimá náà. Mo rí i. Owó ẹyọ wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Mo ní bóyá kò wá lónìí. Mo ní bóyá orí ń fọ́ ọ. Mo bá Milo wọlé, mo lọ jókòó.

Iná kú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mi jáde lójú aṣọ funfun tí wọ́n ń fi fíìmù hàn lé, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwọn ará Redlands ń rẹ́rìn-ín láti ìṣẹ́jú kejì. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ ẹ̀rọ kékeré kan ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Kò ráyè sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbàgbé ìbẹ̀rù mi.

Ọkọ̀ dúró lórí òkè. Ilẹ̀kùn já. Obìnrin òṣèré náà àti ápù yí sílẹ̀, ilé sinimá bú gbàù. Ó jókòó sáàárín títì, ó fi ọwọ́ yọ ewé kúrò nínú irun, ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ ewé náà padà sí ibi tó ti yọ ọ́. Kò sí nínú ohun tí a kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín mi kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹṣin ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wa ló máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Ní ìlà kẹfà níwájú, obìnrin kan yí ojú padà. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù tàn sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan. Oleta ni.

Ó wò mí. Kò pẹ́ tó bí ènìyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, lójú aṣọ náà, obìnrin òṣèré náà la ẹnu, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún gbogbo ìlú.

Mo rò pé ibi tó burú dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Burl jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lanu sílẹ̀. Ó wá lu itan rẹ̀, pàá.

"Èmi nìyẹn!" ó pariwo. "Ẹ wò ó, èmi nìyẹn! Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gẹ́lẹ́ nìyí! Ọsàn ni tiwa! Oleta, sọ fún wọn!"

"Burl, jókòó," Oleta sọ.

"Sọ fún wọn ná! Ìyàwó mi nìyí o! Aṣọ ìsùn ló wọ̀!"

Wọ́n ní kó dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níwájú yí ọrùn padà láti wo Oleta. Ojú rẹ̀ sì sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò mọ̀ pé kì í ṣe fíìmù ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí ó parí, a jáde sí etí títì. Ọ̀gbẹ́ni Zeller ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ̀rín mélòó?"

"Mọ́kàndínláàádọ́rin, ọ̀gá."

Burl wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn yí i ká bí ìgbà tó ṣègbéyàwó. Ó ń ṣàpèjúwe. Ó yọ obìnrin Colton kúrò nínú ìtàn náà, ó yọ àga. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Ní tèmi, mo kúnlẹ̀, mo bá a ṣà á. Kí ni kí ọkùnrin tún ṣe?"

Ọ̀gbẹ́ni Zeller rẹ́rìn-ín sí Milo. "Ìlú tí a bá lọ, a máa rí wèrè kan tó máa ní òun ni."

Milo kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Burl, ó wo Oleta tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó wò mí. "Obìnrin tí o mọ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. Ó sì rìn kúrò lọ́dọ̀ mi.

Oleta dúró níwájú mi. Ó di pọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ra.

"Neva."

"Oleta, mo fẹ́ ṣàlàyé..."

"Wọ́n ní ẹ máa ń gé ohun tí kò dáa. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ọ̀gá ló ń pinnu."

"Tí ìwọ bá ní kí wọ́n gé e, ṣé wọ́n á gé e?"

"Mi ò mọ̀."

"O mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Ti ibí ti bọ́. Àwọn yìí ti mọ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó lọ káyé. Má jẹ́ kí wọ́n máa gbé e tẹ̀ lé mi kiri. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn."

Kí n tó dáhùn, Ọ̀gbẹ́ni Zeller pè mí. "Neva! Èmi ò rí nǹkan kan. Ìwọ ńkọ́? Ṣé nǹkan wà tí a gbọ́dọ̀ gé?"

Mo lè sọ fún yín pé ẹ̀rù bà mí. Mo lè sọ pé ìwé àdéhùn ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni ẹ̀rín yẹn, bó ṣe bú gbàù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

"Kò sí, ọ̀gá," mo ní. "Kò sí ohun tí a máa gé."

Oleta mi orí, bí ẹni tó béèrè ọ̀nà tí wọ́n sì júwe rẹ̀ fún un. Ó padà lọ síbi tí ọkọ rẹ̀ wà, ó gba káàdì kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń pín in, ó fi ògiri ṣe tábìlì, ó kọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Zeller ń ka káàdì sí wa létí. Gbogbo wọn ló ń yìn wá. Ó wá dé orí ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ èyí. 'Apá wo ni kò dùn mọ́ ọ?' Ó kọ ọ́ pé, 'Kò bá a ṣà á.' Ṣé obìnrin yìí sùn ni? Ó bá a ṣà á ńkọ́! Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi bá a ṣà á!"

Ó jù ú sórí tábìlì. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà rẹ̀.

Fíìmù náà lọ káyé. Wọ́n fún wa ní ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún. Ní Redlands, wọ́n sọ Burl ní Ápù, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Àwọn obìnrin ìjọ wọn á fi èso lé Oleta lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní, "Wá bá mi ṣà á o!" Wọn kò ní èrò ibi nínú. Wọ́n rò pé ìtàn dídùn ni. Wọ́n ń jowú rẹ̀. Bí ó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti sọ bó ṣe rí, kò sì lè sọ ọ́. Báyìí ni àbúrò mi ṣe gbé inú irọ́ tí mo kọ fún un, títí ayé rẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin tó gba irọ́ náà gbọ́.

Mo kọ lẹ́tà sí i. Gbogbo wọn padà wá láìṣí. Mo wakọ̀ lọ nígbà mẹ́ta, kò ṣílẹ̀kùn. Ní ọdún 1949, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ Burl. Ó ní jẹjẹrẹ ló pa Oleta, pé wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé Oleta fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má ṣe pè mí. Ó wá fi kún un pé, "Mo sọ ìtàn wa níbi ìsìnkú. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ì bá dùn mọ́ ọ."

Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sáàárín àwọn lẹ́tà mi tó padà wá láìṣí.

Wọ́n ṣì ń fi fíìmù náà hàn. Ó máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán Sátidé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ yunifásítì pè mí wá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí irú fíìmù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ń kú. Ọmọbìnrin kan dìde, omi wà lójú rẹ̀. "Mà," ó ní, "ibi tó ti ń jí ápù jù sílẹ̀ kó má baà tán yẹn, ìgbà mẹ́jọ ni mo ti wò ó. Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nìyẹn."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀ tó mọ́ lóló, n kò lè sọ ọ́. Mo ní kó máa wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ni mo wá ń sọ fún. Fíìmù wọ̀nyẹn kò ní kú, nítorí ohun tí a kì í rí nílé ni wọ́n ń tà fún wa. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣà á kì í sáré lọ wo ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣà á. Ẹ wò ó tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá fi ìtìjú rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ má wò ó bóyá ó dùn. Bí ẹ bá ti wò ó báyẹn, ẹ ti tà á.

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Mo ní ilé, mo ní orúkọ, orúkọ náà sì wà lójú fíìmù mọ́kànlá. N kò ní àbúrò mọ́.